Wi-Fi ń fi àmì hàn, ṣùgbọ́n nǹkan kan kì í ṣí lálẹ́: ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ ní Benin, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aránṣọ ni mí, ilé náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, sì wà ní pálọ̀ lọ́wọ́ iwájú, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ilé àtijọ́ ni, ògiri amọ̀ pupa tó nípọn, páànù lórí. Láàárọ̀ títí di ọ̀sán, kò sí wàhálà. Tó bá ti di nǹkan bí aago méje alẹ́, tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán sítáì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, á kàn máa yí po lójú kan. Àmì Wi-Fi á wà lókè fóònù, fóònù á sì kọ ọ́ lédè Faransé pé òun ti so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Oníbàárà kan fi sítáì aṣọ ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí mi, kò ṣí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó rò pé ṣe ni mo rí i tí mo dákẹ́. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ní kí n fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ráútà, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Mo ní kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.

Onísáíbà Catchi (Àjàṣẹ́)

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀. Ihò yẹn kì í ṣe ti pípa àti títàn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ráútà á gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀: orúkọ Wi-Fi yín, kóòdù yín, àti, nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, orúkọ àti kóòdù tí ilé iṣẹ́ fi ń dá ráútà mọ̀ lórí ìlà wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò sí lọ́wọ́ yín. Bó bá ti parẹ́, ẹ ó jókòó máa retí oníṣẹ́ wọn, ìlà tó ń ṣe dáadáa láàárọ̀ á wá kú pátápátá. Àwọn oníbàárà mi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí kò kéré.

Ohun àkọ́kọ́ ni ká mọ ibi tó ti já. Ọ̀nà méjì ló wà. Láti fóònù dé ráútà, ìyẹn ni Wi-Fi. Láti ráútà lọ sí ilé iṣẹ́ àti gbogbo ayé, ìyẹn ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Àmì tí ẹ ń rí lókè fóònù, ọ̀nà àkọ́kọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó lè kún bámúbámú kó jẹ́ pé ọ̀nà kejì ti kú. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀, á kàn máa fọwọ́ kan ohun tí kò bàjẹ́ ni.

Nígbà tó bá tún ṣe é lálẹ́, ẹ pa dátà fóònù, kó má baà lọ gba ibẹ̀ kó sì tàn yín jẹ. Ẹ ṣí Chrome, kí ẹ tẹ 192.168.1.1 síbi tí wọ́n ti ń tẹ àdírẹ́sì. Ẹ wo abẹ́ ráútà dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí ti ẹlòmíràn 192.168.0.1 ni, àwọn kan 192.168.8.1, àwọn kan 192.168.100.1. Bí ojú ewé ráútà bá yọ kíá, tó ń béèrè orúkọ àti kóòdù, ọ̀nà àkọ́kọ́ mọ́, ìta ni ìyọnu wà. Bí kò bá yọ, inú ilé yín ni. Ẹ ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tún rìn dé pálọ̀ kí ẹ ṣe é níbẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún wa bóyá okùn fáíbà ló wọlé tàbí káàdì SIM ló wà nínú ráútà, àti iná tó ń tàn lára rẹ̀.

Ọmọ Oganla (Àjàṣẹ́)

Àǹtí, ẹ pa á kí ẹ tún tàn án. Tèmi máa ń gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Onísáíbà Catchi (Àjàṣẹ́)

Òótọ́ ni, ó máa ń gbọ́. Ẹ yọ ọ́ nídìí iná, kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó fi so mọ́ ìlà. Àmọ́ bó bá jẹ́ alaalẹ́ ni ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀.

Oníṣẹ́-iná Ṣábẹ

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ iná wọlé, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo ibẹ̀ rárá. Iná SBEE, ilé iṣẹ́ iná ilẹ̀ wa, fóòtì 220 ló yẹ kó máa bá wa nílé. Lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan fíríìjì àti amúlétutù, ó máa ń wálẹ̀ níbòmíràn. Bó bá sì lọ tó padà dé, ó lè fò sókè lójijì. Ráútà fúnra rẹ̀ kì í jẹ 220, fóòtì 12 ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ, nípasẹ̀ ṣájà kékeré yẹn. Ṣájà yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án. Bó bá lọ́wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò fi lè dúró lára rẹ̀, tàbí tó ń kùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tí mo ń bá pàdé jù ni pé ṣájà tó bá ráútà wá á kú, wọ́n á wá fi ṣájà dekódà rọ́pò rẹ̀ torí pé ẹnu rẹ̀ wọ ihò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára méjèèjì. Fóòtì gbọ́dọ̀ dọ́gba: 12 fún 12. Áńpíà ṣájà lè ju èyí tí ráútà béèrè lọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kéré sí i. Ráútà tó béèrè áńpíà 1.5, tí ẹ wá fún ní 0.5, á tàn, gbogbo iná rẹ̀ á dára lójú. Fóònù méjì á wọlé, kò ní sí nǹkan kan. Bó bá di alẹ́ tí gbogbo ilé wọlé sórí rẹ̀, á ṣubú, á tún dìde, ẹ ó sì máa bínú sí ilé iṣẹ́. Nítorí náà ẹ ṣọ́ àwọn iná kéékèèké yẹn nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Bí gbogbo wọn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n sì ń tún tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ iná ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Wi-Fi.

Bí òjò bá ṣú, ẹ yọ ṣájà. Ní Ṣábẹ níhìn-ín, láàárín àwọn òkè wa, a mọ ohun tí ààrá ń ṣe. Dígí tó wà nínú okùn fáíbà kì í gbé iná, ṣùgbọ́n wáyà iná àti okùn onírin á gbé e wọlé tààrà.

Aránṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Okùn fáíbà ni. Ṣájà tó bá a wá náà ló wà lára rẹ̀, kò gbóná, iná rẹ̀ kì í sì í kú. Lálẹ́ àná, bó ti ń ṣe é lọ́wọ́, mo pa dátà, mo tẹ 192.168.1.1 ní ṣọ́ọ̀bù. Kò ṣí, ó pẹ́ títí, ó ní òun ò rí i. Mo rìn dé pálọ̀, ó yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, WhatsApp náà ṣí. Iná tí wọ́n kọ PON sí dúró gbọin ní àwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n kọ LOS sí kò tàn rárá.

Ẹ wá ṣàlàyé èyí fún mi: kí ló dé tó fi jẹ́ alẹ́ nìkan? Ògiri kò kúrò níbi tó wà lọ́sàn-án.

Onísáíbà Catchi (Àjàṣẹ́)

PON tó dúró ní àwọ̀ ewé àti LOS tí kò tàn fi hàn pé okùn fáíbà ń bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ dáadáa. Inú ilé yín ni ìyọnu wà. Ògiri kò kúrò, àwọn aládùúgbò ló dé. Lọ́sàn-án, wọ́n wà lọ́jà àti níbi iṣẹ́. Lálẹ́, gbogbo ráútà àdúgbò ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ìgbì kan náà. Oríṣi ìgbì méjì ni Wi-Fi sábà máa ń lò. Ti 2.4 GHz ló ń rìn jìnnà tó sì ń gba inú ògiri kọjá, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ há: nínú àwọn ìkànnì rẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀nà tí wọ́n pín ìgbì náà sí, 1, 6 àti 11 ni àwọn tí kì í gun ara wọn. Ti 5 GHz yára, àyè rẹ̀ sì gbòòrò, àmọ́ ògiri amọ̀ bíi tiyín á pa á kó tó dé ẹ̀yìnkùlé. Torí náà, ní ṣọ́ọ̀bù, 2.4 ni fóònù yín ń gbá mú, èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ògiri ti jẹ nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án, ìwọ̀nba yẹn tó. Lálẹ́, ariwo àwọn yòókù bò ó mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ń pè yín láti òdì kejì ọjà Ouando lọ́jọ́ ọjà. Àmì á ṣì wà lókè fóònù torí pé fóònù ṣì ń gbọ́ orúkọ ráútà. Ọ̀rọ̀ gan-an ni kò gbọ́.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe kò ní ná yín ní fáráǹkì kan. Ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, irin inú rẹ̀ ń dí ìgbì. Orí nǹkan tó ga, ní gbangba, lápá ẹ̀yìnkùlé, ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí fíríìjì àti máíkírówéfù. Máíkírówéfù náà ń lo àgbègbè 2.4 GHz yẹn. Ẹ ṣọ́ okùn fáíbà bí ẹ ti ń gbé e. Ẹ má ṣẹ́ ẹ lórígun, ẹ má ká a mọ́ra kékeré, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ àga wà lórí rẹ̀. Bó bá ṣẹ́ nínú, ẹ ò ní rí i lóde, iná LOS á kàn di pupa.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ojú ewé ráútà, kóòdù rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ WLAN tàbí Wi-Fi sí, ẹ yan 2.4 GHz, ẹ ó rí ìkànnì. Bó bá jẹ́ lédè Faransé, "canal" ni wọ́n kọ. Ó ṣeé ṣe kó wà ní "auto". Ráútà mìíràn kì í wò yí ká àyàfi nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, nítorí náà èyí tó yàn láàárọ̀ ló ń lò lálẹ́. Ẹ fi áàpù tó ń ṣàyẹ̀wò Wi-Fi lórí Android wo àwọn ìkànnì tí àwọn aládùúgbò wà, lálẹ́ ni kí ẹ wò ó, kí ẹ sì yan èyí tó ṣófo jù nínú 1, 6 àti 11. Ìbú ìkànnì náà, 20 MHz ni kí ẹ fi sí. 40 dára lórí ìwé, àmọ́ ní àdúgbò tó kún bíi ti Àjàṣẹ́, ṣe ló ń gba àyè méjì tó sì ń gba ariwo méjì.

Ọmọ Oganla (Àjàṣẹ́)

Ẹ tún wo iye èèyàn tó wà lórí rẹ̀. Lójú ewé ráútà yẹn kan náà, orúkọ gbogbo fóònù tó so mọ́ ọn wà níbẹ̀. Nílé wa, orúkọ tí a ò mọ̀ ju tiwa lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fún ara wọn ní kóòdù.

Aránṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Àwọn oníbàárà mi náà máa ń béèrè kóòdù bí wọ́n bá ń dúró de aṣọ. Mi ò lè sọ pé rárá.

Ọmọ Oganla (Àjàṣẹ́)

Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ fún wọn, Àǹtí. Ọ̀pọ̀ ráútà ló ní Wi-Fi àlejò lọ́tọ̀. Ẹ ṣí i, ẹ fún un ní kóòdù tirẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ ìyẹn lóòrèkóòrè. Kóòdù tilé, ẹ jẹ́ kó gùn, kí ẹ sì fi í sí irú ààbò tí wọ́n ń pè ní WPA2 tàbí WPA3. Bí ẹnikẹ́ni bá bá WEP, ààbò àtijọ́, nílé rẹ̀, kó yọ ọ́ lónìí. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti fi hàn pé ó ṣeé já.

Ọmọ Alákétu (Kétu)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tó ń lo ráútà onísímù, torí ọ̀pọ̀ wa ní Kétu ni kò ní okùn fáíbà nílé, àlàyé PON àti LOS kò sì kàn wá.

Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá dátà ti tán. Mo mọ̀ pé gbogbo ayé mọ èyí, síbẹ̀ òun ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Símù ti inú ráútà kì í pariwo tí dátà bá tán, àmì rẹ̀ á ṣì kún.

Èkejì, ẹ̀bá ààlà la wà. Bí ẹ bá lọ sápá Ìlárá, òpó ilé iṣẹ́ Nàìjíríà lè lágbára ju tilé lọ, ráútà á sì yọ́ kẹ́lẹ́ bọ́ sórí rẹ̀. Dátà tí ẹ rà ní Benin lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àmì á wà, nǹkan kan kò ní ṣí, tàbí kí owó orí símù máa yọ́ lọ. Ẹ wọ ojú ewé ráútà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ yí i kúrò ní "auto", kí ẹ fọwọ́ ara yín yan ilé iṣẹ́ yín, kí ẹ sì pa roaming, ìyẹn lílo òpó ilé iṣẹ́ mìíràn. Lọ́jọ́ tí mo ti ṣe é nílé ìyá mi, ìjà ọ̀rọ̀ dátà parí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ibi tí ẹ gbé e sí. Páànù ń dá ìgbì padà, torí náà má ṣe gbé ráútà onísímù sí òkè àjà lábẹ́ páànù. Ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó ni. Lójú ewé ráútà, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní RSRP, tó ń sọ bí àmì láti òpó ti lágbára tó. Ó máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú. Bó bá wà ní −80, ó dára púpọ̀. −100, ó ń gbìyànjú. Bó bá ti kọjá −110, ẹ wá fèrèsé mìíràn. Ẹ gbé e, ẹ dúró díẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà, kí ẹ tó tún gbé e.

Tíṣà (Kétu)

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, tèmi yàtọ̀. Fóònù gbogbo ilé ń ṣe dáadáa, kọ̀ǹpútà mi nìkan ló kọ̀. Mo wo àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀.

Onísáíbà Catchi (Àjàṣẹ́)

Tíṣà, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn, kọ̀ǹpútà ló fún ara rẹ̀ nígbà tó béèrè lọ́wọ́ ráútà tí ráútà kò dá a lóhùn. Ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà kó gbàgbé Wi-Fi yẹn, kí ẹ tún kóòdù tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá tún kọ̀, ẹ pa ráútà kí ẹ tún tàn án. Bó bá wá fún un ní 192.168 tí ojú ewé kò sì ṣí, ẹ wo déètì àti aago kọ̀ǹpútà. Bó bá ti padà sí ọdún tó ti pẹ́, ọ̀pọ̀ ojú ewé kò ní gbà yín wọlé. Bí déètì bá pé, ẹ fi DNS, ìyẹn ohun tó ń sọ orúkọ ojú ewé di nọ́ńbà, sí 8.8.8.8 ti Google tàbí 1.1.1.1 ti Cloudflare.

Tíṣà (Kétu)

Mo tún kóòdù tẹ̀, ó gba 192.168, síbẹ̀ ojú ewé kò ṣí. Déètì ni! Bátìrì inú rẹ̀ ti kú, ó ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí mo bá pa á. Ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Ìgbà mìíràn wà tí ìyọnu kò sí nílé ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Benin àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń lo ilé iṣẹ́ mìíràn kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Oníṣẹ́-iná Ṣábẹ

Bó bá sì jẹ́ tilé iṣẹ́ yín lóòótọ́, tí LOS pupa, ẹ ya àwòrán iná náà, kí ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tó pè wọ́n. Ẹni tó ní àwòrán àti aago lọ́wọ́, wọn kì í sọ fún un pé kó lọ pa ráútà kó tún tàn án. Bí wọ́n bá pa yín tì, ARCEP ló ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ yìí ní Benin, ó sì ń gba ẹ̀sùn oníbàárà.

Aránṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o. Mo gbé ráútà sórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọmọ mi bá mi wo ìkànnì: ìkànnì 6 ni tiwa, ibẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò kó sí. A bọ́ sí 1. Ìyàtọ̀ ti wà, ọ̀rọ̀ ń wọlé, àwòrán ń ṣí ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́. Àmọ́ fídíò tí àwọn oníbàárà ń fi ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe fẹ́ ọrùn aṣọ ṣì ń dúró. Wọ́n ní kí n ra èyí tí wọ́n ń kì sínú ògiri tó ń fa Wi-Fi gùn.

Onísáíbà Catchi (Àjàṣẹ́)

Èmi ò ní sọ pé kí ẹ rà á. Ìgbì kan náà ló fi ń gbà tó tún fi ń fi ránṣẹ́, torí náà ìlàjì agbára sábà máa ń lọ sínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn sì máa ń kì í síbi tí Wi-Fi ti kú, kò sí ohun tó máa rí fà níbẹ̀. Ṣé ráútà àtijọ́ kankan wà nílé?

Aránṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Ọ̀kan wà nínú àpótí, ti ilé iṣẹ́ tí a ń lò tẹ́lẹ̀.

Onísáíbà Catchi (Àjàṣẹ́)

Ó parí. Ti àtijọ́ yẹn ni kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìgbàgbé ti wúlò. Kí ẹ tó so ó mọ́ ohunkóhun, ẹ wọ ojú ewé rẹ̀, ẹ yí àdírẹ́sì rẹ̀ sí 192.168.1.2, kí ẹ sì pa DHCP rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù. Ẹ má gbàgbé DHCP yìí o. Bí ráútà méjì bá ń pín àdírẹ́sì nínú ilé kan, gbogbo fóònù ni yóò dà rú. Ẹ fún un ní orúkọ Wi-Fi àti kóòdù kan náà pẹ̀lú ti pálọ̀, ṣùgbọ́n kí ìkànnì rẹ̀ yàtọ̀. Tí pálọ̀ bá wà ní 1, ẹ fi tirẹ̀ sí 11.

Ẹ wá ra okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, irú tí wọ́n ń pè ní Cat5e tó. Irú okùn yẹn lè gùn dé mítà 100, tiyín kò lè sún mọ́ ìyẹn. Ẹ so ó láti ihò LAN ti pálọ̀ sí ihò LAN ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ má lo èyí tí wọ́n kọ WAN sí. Ìgbì kò ní bá ògiri jà mọ́.

Aránṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Ó ṣe é! A so ó lónìí. Mo jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láago mẹ́jọ alẹ́, fídíò ń lọ geere láìdúró. Oníbàárà aṣọ ìgbéyàwó yẹn pè mí lójú fídíò, a jọ wọn apá lórí fóònù. Ọlọ́run á dúró tì yín, gbogbo yín.

Ìbéèrè kan ló kù: okùn náà gba ojú ọ̀run kọjá láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù, a dè é mọ́ wáyà iná. Ṣé kò ní wàhálà?

Oníṣẹ́-iná Ṣábẹ

Ó ní o, Ìyá wa. Ẹ tú u kúrò lára wáyà iná lọ́la, kí gígùn apá kan, ó kéré tán, wà láàárín wọn, ẹ ta okùn mìíràn fún un láti fi rọ̀. Ẹ má gbẹ́ ògiri amọ̀, férémù fèrèsé ni kí ẹ lu. Níbi tó ti máa wọlé, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ ihò náà díẹ̀ kó tó gòkè wọlé, kí omi òjò lè kán bọ́ síta. Bàbà ló wà nínú okùn yìí, kì í ṣe dígí, nítorí náà bí òjò bá ṣú, ẹ yọ ọ́ lẹ́nu ráútà méjèèjì, kì í ṣe ṣájà nìkan.

Aránṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Mo ti gbọ́. Ọmọ mi á tú u láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.